Ekòló Ni Tàbí Ìgbín? Bí Ẹ Ṣe Lè Mọ Ẹni Tó Kọ́ Ọ̀pá Tí Ẹ Rí Nínú Fọ́sìlì

Bí ẹ bá ń ṣa fọ́sìlì inú òkun, ìyẹn àwọn ẹ̀dá òkun àtijọ́ tó ti di òkúta, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi rí ọ̀pá oníhò tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó lọ́ kọ́lọkọ̀lọ, tó lẹ̀ típẹ́típẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ìkarahun mìíràn tàbí mọ́ òkúta. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó kọ “ilé ekòló” sí i lára. Lóòótọ́, ekòló òkun ló kọ́ púpọ̀ nínú wọn. Àmọ́ àwọn ìgbín kan wà tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ojú kan títí ayé wọn, tí wọ́n ń jáwọ́ nínú kíká bí ìgbín yòókù, tí ìkarahun wọn sì ń nà lọ gbọọrọ síbi tó bá ti rí àyè. Tí irú ìkarahun bẹ́ẹ̀ bá ti wà nínú òkúta fún ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún, tí ẹran inú rẹ̀ ti jẹrà tipẹ́, ojú lásán kò lè sọ ẹni tó ni ilé.

Ó ń dùn mí gan-an tí mo bá rí àpótí fọ́sìlì tó dára, tí gbogbo ọ̀pá inú rẹ̀ sì ń jẹ́ orúkọ kan ṣoṣo. Ìgbín yìí, ìyẹn ìdílé Vermetidae, omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́ ló mọ̀ jù, etíkun tí kò jìn ló sì máa ń gbé. Ekòló ìdílé Serpulidae ní tirẹ̀ ń gbé inú omi gbígbóná àti omi tútù, láti etíkun títí dé ìsàlẹ̀ òkun tí ìmọ́lẹ̀ kì í dé. Ẹni tó bá fi orúkọ ọ̀kan pe èkejì ti sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ nípa òkun tí wọ́n gbé.

Kì í ṣe òní ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń da àwọn ọ̀mọ̀wé láàmú. Michel Adanson, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ṣàpèjúwe irú ìgbín bẹ́ẹ̀ nínú ìwé tó kọ lórí àwọn ìkarahun Sènégàlì ní ọdún 1757. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Carl Linnaeus, onímọ̀ ará Sweden tó ń fún àwọn ẹ̀dá lórúkọ, kó ìgbín àti ekòló pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan, Serpula. Èyí tó pè ní Serpula arenaria nígbà náà ló ń jẹ́ Thylacodes arenarius lónìí, ìgbín gidi sì ni. Ó di ọdún 1800 kí Daudin, ọmọ ilẹ̀ Faransé mìíràn, tó fún ìgbín wọ̀nyí ní orúkọ tiwọn, Vermetus.

Ẹ mọ bí ẹ̀dá méjèèjì ṣe ń kọ́lé

Ẹ má fo apá yìí, torí òun ni gbogbo àmì tó ń bọ̀ nísàlẹ̀ ti ń jáde.

Ekòló náà ní awọ kan tó yí ọrùn rẹ̀ ká. Láti abẹ́ awọ yìí ló ti ń tú ẹfun kíkúnná jáde, tó pò mọ́ ikun ara rẹ̀, tó sì ń fi í kún ẹnu ọ̀pá díẹ̀díẹ̀. Ẹnu ni iṣẹ́ ti ń lọ. Ara ekòló kò so mọ́ ọ̀pá náà rárá. Inú rẹ̀ ló ń gbé bí ẹni tó ń gbé inú yàrá, ó lè wọlé, ó lè yọrí. Nígbà tó sì jẹ́ ọmọ wẹ́wẹ́ tó ń léfòó nínú omi, kò ní ìkarahun kankan lára. Ọjọ́ tó bá balẹ̀ sórí nǹkan ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ilé.

Ti ìgbín yàtọ̀ pátápátá. Ìkarahun ti wà lára rẹ̀ kó tó jáde láti inú ẹyin, ó sì ti ká. Iṣan so ó mọ́ ìkarahun náà. Awọ ara rẹ̀ ló ń ṣe ìkarahun: etí awọ yẹn ń mú ẹnu gùn sí i, èyí tó kù nínú awọ náà sì ń tẹ́ ẹfun mìíràn sára ògiri láti inú, ìpele lórí ìpele. Ìdí nìyẹn tí inú ìkarahun ìgbín fi máa ń dán.

Nítorí náà, ibi mẹ́ta ni ìwádìí wa dá lé: ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀pá, ojú ògiri láti inú, àti bí ògiri náà ṣe rí tí a bá gé e. Bó ṣe ká àti bó ṣe lọ́ kò sí nínú wọn. Ìrísí òde ló ń tan èèyàn jù, torí ẹ̀dá méjèèjì ń tẹ̀ lé ibi tí wọ́n bá lẹ̀ mọ́.

Ohun tí ẹ ó wá sílẹ̀ kò pọ̀: lẹ́ǹsì tó ń mú nǹkan tóbi nílọ̀ọ́po 10, búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀, omi, igi ìtayín, iná tọ́ọ̀ṣì kékeré, rúlà tó ní mìlímítà, sáńpépà olómi oríṣi mẹ́ta (400, 800 àti 1200), àti dígí pẹlẹbẹ kan tí ẹ ó tẹ́ sáńpépà náà lé. Ẹ fi ìwé àti bírò kún un.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ béèrè ọjọ́ orí òkúta náà

Ẹ ṣe èyí kí ẹ tó gbé lẹ́ǹsì sójú. Máàpù òkúta agbègbè tí ẹ ti ṣà á, tàbí àwọn fọ́sìlì mìíràn tó wà pẹ̀lú rẹ̀, á sọ ìgbà tó jẹ́ fún yín. Ìgbín ìdílé Vermetidae tó dájú kò sí ṣáájú ìparí ìgbà Cretaceous, ìyẹn ni pé kò tíì ju nǹkan bí 100 mílíọ̀nù ọdún lọ. Ekòló Serpulidae ti wà láti àárín ìgbà Triassic, ní nǹkan bí 240 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Bí ọ̀pá yín bá wá láti inú òkúta Jurassic, ìgbà tó wà láàárín Triassic àti Cretaceous, ẹ ti lè yọ ìgbín Vermetidae kúrò nínú ẹjọ́ náà.

Bí òkúta bá tún dàgbà ju Triassic lọ ńkọ́? A jẹ́ pé kì í ṣe ọ̀kankan nínú àwọn méjèèjì. Ọ̀pá kékeré tó ká pẹrẹsẹ, tí kò ju mìlímítà díẹ̀ lọ, tó lẹ̀ mọ́ ìkarahun tàbí ewé inú òkúta àtijọ́, tí àwọn ìwé àtijọ́ ń pè ní Spirorbis, ẹ̀dá mìíràn tó ti kú run ló ni ín. Microconchid là ń pè wọ́n. Wọ́n wà láti ìparí ìgbà Ordovician títí di àárín ìgbà Jurassic. Ìbẹ̀rẹ̀ tiwọn ṣù róbótó, ó sì dí. Ti Spirorbis gidi, tó jẹ́ ekòló, kò rí bẹ́ẹ̀.

Irú òkúta náà tún ń sọ̀rọ̀. Oríṣi ẹfun méjì ni àwọn ẹ̀dá òkun fi ń kọ́lé, calcite àti aragonite. Aragonite máa ń tètè yọ́ dànù nínú ilẹ̀. Nínú òkúta ṣọ́ọ̀kì funfun ìgbà Cretaceous, ìkarahun ìgbín kì í sábà kù. Àwòkọ rẹ̀ lásán lẹ ó rí, ihò tó gbé ìrísí rẹ̀. Aragonite ni ìkarahun Vermetidae jẹ́ ní pàtàkì. Ọ̀pá ekòló lè jẹ́ calcite, ó lè jẹ́ aragonite, ó sì lè jẹ́ àdàlù méjèèjì. Tí ẹ bá wá rí ọ̀pá tí ògiri rẹ̀ ṣì le koko nínú ṣọ́ọ̀kì tí gbogbo ìgbín inú rẹ̀ ti yọ́ tán, ekòló ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ìfura ni o, kì í ṣe ìdájọ́.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ má ta ásíìdì sí i

Omi àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tó. Ẹrẹ̀ tó bá wà ní kọ̀rọ̀, ẹ fi igi ìtayín yọ ọ́ nígbà tó bá ṣì tutù. Àwọn kan máa ń ta fínígà sí i kí wọ́n lè wò ó bóyá á hó. Kò sí ohun tí ìyẹn fẹ́ sọ fún yín: ẹfun ni méjèèjì, méjèèjì ni á hó. Ohun tí fínígà máa ṣe ni pé á jẹ àwọn ìlà wẹ́wẹ́ tí ẹ nílò kúrò lójú rẹ̀, wọn kò sì ní padà wá.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ wá ibi tí ọ̀pá ti bẹ̀rẹ̀

Bí ẹ bá ní àkókò fún ohun kan ṣoṣo, èyí ni kí ẹ ṣe. Ẹ tẹ̀ lé ọ̀pá náà láti ẹnu rẹ̀ tó fẹ̀ lọ síbi tó ti ń tín-ínrín, kí ẹ má sì dúró títí ẹ ó fi dé òpin. Ó lè bọ́ sábẹ́ ara rẹ̀, ó lè wọ abẹ́ ọ̀pá mìíràn. Nínú ìdìpọ̀ ọ̀pá tó lọ́ mọ́ra, ẹ yí ìdìpọ̀ náà dojú dé, torí ẹ̀gbẹ́ tó lẹ̀ mọ́ òkúta ni ìbẹ̀rẹ̀ sábà máa ń wà. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe láti òkè, kí òjìji lè fi àwọn ìlà hàn.

Tí ìgbín bá ni, ẹ ó bá ìkarahun ìkókó níbẹ̀: ìkarahun ìgbín kékeré tó ká dáadáa, tó sábà máa ń dán, tí kì í sábà ju mìlímítà kan tàbí méjì lọ. Òun ni ìkarahun tí ìgbín náà gbé jáde láti inú ẹyin. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ ó rí ìlà kan, níbi tí ojú ìkarahun ti yí padà lójijì: ojú dídán tó wà tẹ́lẹ̀ di ojú tó ní ìlà ìdàgbà tó le, ọ̀pá náà sì máa ń kọrí sí ibòmíràn. Ibẹ̀ ni ọmọ ìgbín náà ti lẹ̀ mọ́lẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀yà, á ṣì ká létòlétò fún ìgbà díẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ síbi tó wù ú.

Tí ekòló bá ni, kò sí nǹkan bẹ́ẹ̀. Ọ̀pá náà á kàn máa tín-ínrín lọ ni, títí á fi dé ihò wínníwínní kan. Kò sí ìkarahun ìkókó, kò sí ìlà tó pín ayé ọmọdé àti ayé àgbà níyà. Kódà nínú Spirorbis tó ká mọ́ra bí ìgbín, ọ̀pá lásán ni ẹ ó bá láàárín.

Ìkarahun ìkókó tí ẹ bá rí ti parí ẹjọ́, ìgbín ni. Àmọ́ tí ẹ kò bá rí i, ẹjọ́ kò tíì parí o. Ibi tó tín-ínrín yẹn ló kọ́kọ́ máa ń kán, tàbí kí ìgbì ti ha á dànù kí ẹrẹ̀ tó bò ó. Àìsí tó ní ìtumọ̀ ni ti ọ̀pá tí òpin rẹ̀ pé, tí ẹ rí ihò rẹ̀ tó yọ kedere. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bóyá òpin náà pé tàbí ó ti kán.

Ìgbín kan tún wà tó rọrùn láti mọ̀: Vermicularia. Ìdílé mìíràn ló ti wá, Turritellidae, àwọn ìgbín tó ká gogoro ṣóńṣó. Ìgbà tó bá wà ní kékeré, á ká gẹ́gẹ́ bí àwọn ẹbí rẹ̀, pẹ́kípẹ́kí. Bó bá ṣe ń dàgbà, á tú, á sì máa lọ́ kiri. Tí ẹ bá rí ọ̀pá tó jáde láti ìdí ìkarahun ṣóńṣó, kò sí ekòló níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ wo inú rẹ̀

Ẹ wá ibi tó ti kán, kí ẹ tan iná sínú ihò náà. Inú ìkarahun ìgbín máa ń jọ̀lọ̀, ó máa ń dán, nígbà míì ó ní àwọ̀ ilẹ̀ tàbí àwọ̀ funfun bí wàrà. Inú ọ̀pá ekòló kì í sábà dán. Ó ṣú, ó rí bí ẹfun tí wọ́n fi ọwọ́ pa. Ẹ yí i síwá sẹ́yìn lábẹ́ iná: ti ìgbín á dá ìmọ́lẹ̀ padà bí ẹ ṣe ń yí i, ti ekòló á dúró bó ṣe wà.

Ẹ má lo dídán òde fún ìdájọ́ yìí. Àwọn ekòló kan, bíi Placostegus, ń kọ́ ọ̀pá tí ìmọ́lẹ̀ ń là kọjá bíi dígí, tí òde rẹ̀ sì ń dán gan-an. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ rí i dájú pé ògiri gan-an lẹ ń wò. Calcite tó hù sínú ihò lẹ́yìn ikú ẹ̀dá náà máa ń dán wáríwárí, àmọ́ hóró hóró ni dídán tirẹ̀, pẹ̀lú àwọn ojú pẹlẹbẹ tó ń kọ mọ̀nà. Tí ẹrẹ̀ tó ti di òkúta bá kún inú rẹ̀ dé ẹnu, ẹ fo ìgbésẹ̀ yìí, ẹ lọ síbi gígé.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ ha ojú kan kí ẹ ka ògiri rẹ̀

Ẹ má gé ẹyọ kan ṣoṣo tí ẹ ní. Àfọ́kù ni ẹ máa lò, ọ̀kan tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà kan ti tó, tó bá ti dájú pé ara ọ̀pá náà ló ti wá.

Ẹ tẹ́ sáńpépà 400 sórí dígí, ẹ da omi sí i, ẹ máa ha ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá náà lórí rẹ̀ lọ́nà gígùn títí ẹ ó fi dé àárín ihò, tí ògiri méjèèjì á fi hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Omi kò gbọdọ̀ gbẹ lórí sáńpépà, torí eruku òkúta kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ bọ́ sí 800, lẹ́yìn náà 1200. Ẹ fi omi tàbí ìkán òróró kan pa ojú rẹ̀, kí ẹ wá gbé lẹ́ǹsì.

Nínú ògiri ọ̀pá ekòló, ẹ ó rí àwọn ìlà tó tẹ̀ kọdọrọ, tí orí wọn kọjú sí ẹnu ọ̀pá, ọ̀kan lórí èkejì, bí ife tí wọ́n dojú rẹ̀ dé tí wọ́n sì tò lé ara wọn. Ìlà kọ̀ọ̀kan jẹ́ ibi tí ẹnu ọ̀pá dé nígbà kan, kí ekòló tó tún fi kún un. Nínú ògiri ìgbín, ìpele mẹ́ta tó nà lọ gbọọrọ ní ìbú ògiri ni ẹ ó máa wá: ti òde, ti àárín, ti inú. Wọ́n ń bá ihò náà lọ ní gígùn. Tí aragonite ìgbín náà bá ṣì wà láìyí padà, ẹ ó rí ìlà wẹ́wẹ́ tó ṣú àti tó mọ́lẹ̀, tí wọ́n tò tẹ̀ lé ara wọn nínú ìpele. Tí ẹ bá yí òkúta náà sí ìmọ́lẹ̀ lọ́nà mìíràn, èyí tó ṣú á mọ́lẹ̀, èyí tó mọ́lẹ̀ á sì ṣú. Ó wuni láti rí. Àwọn ọ̀pá ekòló kan ní ìpele méjì, nítorí náà ẹ má ka iye ìpele nìkan. Ìtẹ̀sí àwọn ìlà ló ṣe pàtàkì.

Ibi tí gbogbo èyí ti lè já sí pàbó ni ògiri tó ti yí padà di hóró calcite ńláńlá. Omi inú ilẹ̀ ti pa ìtàn rẹ̀ rẹ́. Kò sí ìlà, kò sí ìpele. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ ṣọ́ra fún ìdínà inú ọ̀pá

Ẹ ó gbọ́ pé bí ọ̀pá bá ti ní ògiri kéékèèké tó dí ihò rẹ̀ níbìkan, ìgbín ni. Ọ̀rọ̀ yìí gbalẹ̀ kan, mi ò sì fara mọ́ ọn. Lóòótọ́, ìgbín Vermetidae máa ń dí ẹ̀yìn ìkarahun rẹ̀ pa bó ṣe ń gòkè, ìdínà rẹ̀ a máa jọ̀lọ̀, a sì máa tẹ̀ kòtò. Àmọ́ àwọn ekòló kan náà ń ṣe é, pàápàá tí ìdí ọ̀pá wọn bá ti bàjẹ́ tí ẹ̀mí wọn sì wà nínú ewu. Ẹ ka ìdínà sí ẹlẹ́rìí kékeré.

Bákan náà ni ti àwọn ìlà gíga inú ọ̀pá. Ìgbín Petaloconchus ní irú rẹ̀: pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń bá ihò lọ lára ògiri tó kọjú sí àárín ibi tó ká, tí ẹ ó rí tí ẹ bá kán an láàárín, tí kò sì dé ẹnu. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń ṣa fọ́sìlì á rí i, wọ́n á sọ pé ó tán. Ekòló kan wà tó ń jẹ́ Spiraserpula tó ní ìlà gíga nínú ọ̀pá tirẹ̀ náà. Ẹni tó bá rí ìlà yìí gbọ́dọ̀ padà lọ wo ìbẹ̀rẹ̀ àti ògiri.

Ìgbésẹ̀ 7: Nígbà náà ni kí ẹ tó wo òde

Ìlà gíga kan ṣoṣo tó ń bá ẹ̀yìn ọ̀pá lọ, tó mú kí ojú ibi gígé rẹ̀ rí onígun mẹ́ta, tó sì yọ ẹ̀gún sókè lórí ẹnu, iṣẹ́ ekòló bíi Spirobranchus ni. Òrùka tó fẹjú, tó yí ọ̀pá ká lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, jẹ́ ibi tí ẹnu ọ̀pá ekòló ti dúró fún ìgbà díẹ̀ kó tó tún gùn sí i. Ẹ tún wo etí ibi tó lẹ̀: ekòló máa ń tẹ́ ìpìlẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ sórí nǹkan, nígbà míì pẹ̀lú àwọn ihò kéékèèké láàárín ọ̀pá àti ohun tó lẹ̀ mọ́.

Ní ti ìgbín, ọ̀pọ̀ ìlà tó ń lọ ní gígùn tí ìlà ìdàgbà sì ń gé kọjá, tó fi jẹ́ pé ojú rẹ̀ rí bí àwọ̀n, wọ́pọ̀. Dendropoma tún máa ń jẹ òkúta tàbí ìkarahun tó lẹ̀ mọ́, tí á fi wọnú rẹ̀ díẹ̀. Kòtò tó bá ọ̀pá náà mu lábẹ́ rẹ̀ jẹ́ àmì tó lágbára. Bí ọ̀pá bá sì ní ihò tóóró kan tàbí ọ̀wọ́ ihò wẹ́wẹ́ tó bá gígùn rẹ̀ lọ látòkè délẹ̀, ìgbín ìdílé Siliquariidae ni, àwọn tí ń gbé inú kànìnkànìn òkun. Ekòló kì í ṣe irú ihò bẹ́ẹ̀.

Pípọ̀ tí ọ̀pá pọ̀ kò fi ẹni tó ni ín hàn. Ekòló Serpula vermicularis kọ́ òkìtì ńlá ní Loch Creran ní Scotland, ekòló Ficopomatus ń kọ́ tirẹ̀ níbi tí omi òkun àti omi odò ti pàdé, ìgbín Petaloconchus sì kọ́ tirẹ̀ ní Ten Thousand Islands ní Florida.

Àwọn mìíràn tó lè tàn yín jẹ

Rotularia ló burú jù nínú wọn. Ekòló ni, ó wọ́pọ̀ nínú òkúta Cretaceous àti Eocene, ẹ ó sì rí i nínú amọ̀ London Clay ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ká rogodo bí ìgbín, kò lẹ̀ mọ́ nǹkan nígbà tó bá dàgbà, ẹnu rẹ̀ sì máa ń ya kúrò lára ibi tó ká. Ẹni tó bá fi ìrísí dájọ́ á pè é ní ìgbín láìbéèrè. Ẹ ha á lọ́nà gígùn, àwọn ìlà tó tẹ̀ kọdọrọ yẹn á yọ sí yín.

Ditrupa, ekòló tí ọ̀pá rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀ bí eyín erin, máa ń jẹ́ kí wọ́n pè é ní Dentalium, ẹ̀dá oníkarahun mìíràn tí kì í ṣe ekòló. Ọ̀pá Ditrupa sábà máa ń wú díẹ̀ kó tó dé ẹnu, á sì tún fún. Dentalium kàn ń fẹ̀ sí i lọ ni. Ọ̀pá tó kún inú igi tó ti di òkúta, ẹ̀dá oníkarahun méjì tó ń jẹ igi, irú Teredo, ló ṣe é. Èyí tí iyanrìn àti àfọ́kù ìkarahun so pọ̀ di ògiri rẹ̀, tí ẹ lè fi lẹ́ǹsì ka hóró iyanrìn náà, ekòló ló ni ín, àmọ́ kì í ṣe Serpulidae.

Tí àwọn àmì bá ń ta kora

Ẹ jẹ́ ká mú ìdìpọ̀ kan láti inú òkúta Pliocene, tí ọjọ́ orí rẹ̀ kéré sí ti Cretaceous, lọ́wọ́. Àwọn ọ̀pá rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 5, wọ́n lọ́ mọ́ra, kò sí ibi tí ojú lè mú. Ẹnu wọn ti fọ́. Ọ̀kan nínú wọn ní ìdínà. Ọjọ́ orí rẹ̀ gba ẹ̀dá méjèèjì láyè, ìdínà náà kò sì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ẹ yí i dojú dé, ẹ fọ ẹrẹ̀ ibẹ̀, ẹ rí ibi kékeré kan tó ká létòlétò, àmọ́ orí rẹ̀ ti ha dànù, a kò lè búra pé ìkarahun ìkókó wà níbẹ̀. Ẹ wo inú àfọ́kù kan: ó ń dán. Ẹ ha á: ìpele mẹ́ta, gbọọrọ, láìsí ìlà tó tẹ̀. Ìgbín ni mo máa kọ, pẹ̀lú ìdánilójú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìbẹ̀rẹ̀ kò pé.

Tí ọ̀rọ̀ bá yí padà, tí inú dán ṣùgbọ́n tí àwọn ìlà ògiri tẹ̀ kọdọrọ, ìlà ògiri ni kí ẹ gbà gbọ́. Ìkarahun ìkókó ló kọ́kọ́ ní àṣẹ, ògiri ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn rẹ̀ dídán inú, òde ló kẹ́yìn. Ọjọ́ orí òkúta wà lókè gbogbo wọn, tó bá ti dájú.

Ohun tí ẹ ó kọ sí lébẹ́ẹ̀lì

Ẹ kọ ibi tí ẹ ti ṣà á, irú òkúta àti ọjọ́ orí rẹ̀, ohun tó lẹ̀ mọ́, fífẹ̀ ẹnu rẹ̀ ní mìlímítà. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ àwọn àmì tí ẹ fojú rí gan-an kí ẹ tó kọ orúkọ: “ìkarahun ìkókó wà”, “òpin ti kán”, “inú kò dán”, “ìlà ògiri tẹ̀ síhà ẹnu”. Orúkọ ìdílé tó. Ẹ má fi tipátipá dé orí ẹ̀yà, torí ìkarahun nìkan kò tó láti ya ọ̀pọ̀ ẹ̀yà Vermetidae sọ́tọ̀, kódà àwọn tó ṣì wà láàyè.

Èyí tí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ti sọnù, tí inú rẹ̀ ti kún, tí ògiri rẹ̀ sì ti di hóró calcite, ẹ kọ “ọ̀pá ẹfun, a kò tíì mọ ẹni tó ni ín” sí i, kí ẹ sì kọ ìdí rẹ̀. Àfọ́kù tí ẹ ha, ẹ dì í sínú ọ̀rá kékeré pẹ̀lú nọ́ńbà kan náà, kí ẹ sì fi í sínú àpótí kan pẹ̀lú ọ̀pá tó ti wá, kí ẹni tó bá ní ẹ̀rọ tó lágbára ju lẹ́ǹsì yín lọ lè tún un wò.